Igi obì mẹ́jọ tí kì í so, àti ewé tí kò fẹ́ jọ̀wọ́ DNA rẹ̀

ỌmọMọ̀ọ́rè

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ti sú mi ni mo ṣe wá síbí.

Mò ń ṣe ìwádìí oyè kejì lórí obì gbànja níbí ní Ifẹ̀. Oko bàbá bàbá mi wà lọ́nà Òǹdó. Igi obì mọ́kàndínlógún ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ti dàgbà. Mọ́kànlá ń so. Mẹ́jọ tó kù, tí wọ́n dúró pọ̀ lẹ́bàá odò, òdòdó ni wọ́n ń yọ lọ́dọọdún, wọn kì í so. Bàbá mi ní kí a gé wọn kí a fi kòkó rọ́pò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ọdún kan kí n fi mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ìyá àgbà kan ládùúgbò sọ fún mi pé inú obì tí wọ́n ká lórí igi kan ṣoṣo ni bàbá bàbá mi ti mú irúgbìn tó gbìn sẹ́bàá odò. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ ìyá ni àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó sì lè jẹ́ pé wọn kò lè gba lẹ́búlẹ́bú òdòdó ara wọn. Ohun tí mo fẹ́ fi DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìbí tó wà nínú ewé wọn, wádìí nìyẹn.

Ìṣòro wá ni pé mi ò tíì rí DNA kankan. Mo já ewé, mo gbé e wálé nínú ọ̀rá, mo lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì, mo da CTAB, oògùn bí ọṣẹ tó ń tú DNA jáde, sí i, mo rì í sínú omi gbígbóná 65°C fún wákàtí kan, mo fi chloroform fọ̀ ọ́, mo da isopropanol lé e kí DNA lè dì. Ohun tó jáde pọ́n bí omi tí a fi ṣan ìkòkò àmàlà, ó sì ń fà bí ewédú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti gbé e sínú PCR, ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà DNA, kò sí ìlà kankan, ìyẹn àmì DNA, lórí jẹ́ẹ̀lì. Lẹ́ẹ̀kẹta iná tún lọ kí ó tó parí. Owó tí mo ní ti ń tán. Ẹnìkan ti ní kí n fi obì sílẹ̀ kí n lọ ṣe àgbàdo.

Ìbéèrè mi méjì: kí ni mo ṣe tí kò dáa? Tí DNA bá sì jáde, èwo ni kí n lò nínú RAPD, SSR, SNP, ọ̀nà mẹ́ta tí a fi ń wo ìyàtọ̀ DNA igi sí igi, àbí kí n ka gbogbo jínóòmù rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin?

ÀǹtíLáàbù

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má lọ ṣe àgbàdo.

Ìwọ fúnra rẹ ti sọ ohun tó ń ṣe ọ́: o ní ó ń fà bí ewédú. Ṣé o mọ̀ pé ìdílé kan náà ni obì, kòkó, ilá àti ewédú nínú ètò ìpínsísọ̀rí ewéko? Malvaceae ni gbogbo wọn. Nǹkan tó ń yọ̀ nínú ilá yẹn náà ló wà nínú ewé obì rẹ. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ DNA, tí isopropanol bá sì dé, àwọn méjèèjì á jọ dì pọ̀. Èyí tó pọ́n jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Obì ní ohun kíkorò púpọ̀, èyí tó máa ń jẹ́ kí obì tí a bu jẹ pọ́n tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i. Nígbà tí o lọ ewé, o tú ohun kíkorò yẹn sílẹ̀, ó sì so mọ́ DNA. Méjèèjì ló ń dí PCR lọ́wọ́. Torí náà ó ṣeé ṣe kí DNA wà nínú ohun tí o ní yẹn, kó jẹ́ pé ẹ̀rọ kò lè rí i lò ni.

Ohun tí èmi máa ṣe nìyí.

Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni kí o já, èyí tó ṣì rọ̀, kì í ṣe èyí tó ti le bí awọ. Láti orí igi ni kí o ti kó o sínú ọ̀rá tí silica gel wà nínú rẹ̀. Kí silica pọ̀ ju ewé lọ dáadáa. Láàárín ọjọ́ kan ewé á gbẹ kanrin, kò sì nílò fìríìjì. Ewé tó sùn mọ́jú nínú ọ̀rá lásán ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ kí o tó fọwọ́ kàn án, ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé wàhálà rẹ ti ṣẹ̀.

Lẹ́yìn tí o bá lọ̀ ọ́, má tíì da CTAB sí i. Fi omi sorbitol tí PVP wà nínú rẹ̀ fọ̀ ọ́ ná. Dà á pọ̀, fi ẹ̀rọ yí i, da omi orí rẹ̀ nù. Tí omi tó o dà nù bá ṣì ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ, tún un ṣe. Fún obì, èmi kì í dúró lórí ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ìgbà tí kò bá yọ̀ mọ́ ni kí o tó da CTAB sórí ohun tó kù nísàlẹ̀. Kí CTAB yẹn ní PVP 2% tó máa gbé ohun kíkorò mì, kí ó sì ní β-mercaptoethanol tí kò ní jẹ́ kí ó pọ́n. Ó ń rùn, ó sì léwu, ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde ni kí o ti dà á. Iyọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ 1.4 M, má dín in kù, torí iyọ̀ ló ń mú kí nǹkan yíyọ̀ yẹn dúró nínú omi tí DNA bá ń dì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí o fi chloroform fọ̀ ọ́.

Tí o bá fi ìmọ́lẹ̀ wọ̀n ọ́n láti mọ bí DNA ṣe mọ́ tó, máa wo 260/280, kí ó sún mọ́ 1.8. Àmọ́ 260/230 gan-an ni ojú obì wà. Tí ó bá kéré gan-an sí 2, nǹkan yíyọ̀ àti ohun kíkorò ṣì wà níbẹ̀. Kí o sì máa yọ ewé àgbàdo kan pẹ̀lú rẹ̀ nígbà gbogbo, lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú oògùn kan náà. Tí àgbàdo bá jáde tí obì kò jáde, o mọ̀ pé ewé ni. Tí méjèèjì kò bá jáde, oògùn rẹ ni.

Má da àwọn ti tẹ́lẹ̀ nù o. Fi omi là wọ́n sí ìdá mẹ́wàá, fi BSA díẹ̀, èròjà tó ń gba ìdọ̀tí mọ́ra, sí PCR rẹ, kí o tún un dán wò. Mo ti rí i tó ṣiṣẹ́.

ṢéMoLèBéèrè

Ẹ má bínú, olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ọ̀rọ̀ igi obì ló fà mí wọlé. Kí ni jínóòmù gan-an? Báwo ni ẹ̀rọ PCR yẹn ṣe ń mọ ibi tó máa lọ nínú rẹ̀?

ỌmọAwoBiokẹ́mi

Ẹ káàbọ̀, olùkọ́. Inú agbo Ifá ni wọ́n bí mi sí, bioKẹ́mísìrì ni mo kà, ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ṣàlàyé èyí tí mo mọ̀ gbẹ̀yìn.

Jínóòmù ni gbogbo àkọsílẹ̀ tó wà nínú ohun abẹ̀mí kan, tó ń sọ bí yóò ṣe rí àti bí yóò ṣe dàgbà. Ewé kan lára igi obì, ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà wà nínú rẹ̀ lódindi. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́: A, C, G àti T.

Ẹ wá wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ojú mẹ́jọ ló ní, ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dé. Ọ̀nà méjì ní ipò mẹ́jọ ló fún wa ní odù 256. Tó bá jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin la tò sí ipò mẹ́jọ yẹn, 65,536 la máa rí. Tí a bá wá tò wọ́n sí ipò ogún, ó lé ní tírílíọ̀nù kan. Primer, ìyẹn ègé DNA kúkúrú tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ PCR, kì í sábà ju nǹkan bí ogún lẹ́tà lọ. Jínóòmù kòkó jẹ́ nǹkan bí 430 mílíọ̀nù lẹ́tà. Ẹ ti rí i pé ó ṣòro kí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ogún lẹ́tà kan ṣèèṣì wà níbi méjì nínú rẹ̀. Bí primer ṣe ń dá ilé rẹ̀ mọ̀ nìyẹn, bí babaláwo ṣe ń dá odù mọ̀ kété tó bá ti rí ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

PCR fúnra rẹ̀: ẹ̀rọ á gbóná dé 95°C, okùn méjì tí DNA fi lọ́ mọ́ra á tú. Á tutù dé nǹkan bí 55, primer á jókòó sáàyè rẹ̀. Á padà sí 72, Taq, èròjà tó ń kọ DNA, á máa kọ ẹ̀dà lọ. Ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin. Tó bá fi máa ṣe ọgbọ̀n ìgbà, ẹyọ kan á ti lé ní bílíọ̀nù kan. Kary Mullis ló ronú rẹ̀ ní 1983, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1993. Taq náà wá láti ara bakitéríà kan tó ń gbé inú omi gbígbóná ní Yellowstone, Amẹ́ríkà, ìdí nìyẹn tí 95°C kò fi pa á.

Ọ̀dọ́Jínóòmù

Ẹ̀gbọ́n ỌmọMọ̀ọ́rè, lórí ìbéèrè yín kejì: ẹ gbàgbé RAPD. 1990 ló ti jáde, primer kúkúrú oní lẹ́tà mẹ́wàá ló ń lò, tí ooru bá yí díẹ̀, ìlà á yí. Ohun tí ẹ rí ní Ifẹ̀ lónìí, ẹlòmíràn lè má rí i ní Ìbàdàn lọ́la. Ayé ti kọjá ibẹ̀. Ní ọdún 2000 ni wọ́n ka jínóòmù Arabidopsis, ewéko kékeré kan, parí, ìyẹn ewéko àkọ́kọ́ tí wọ́n kà, nǹkan bí 135 mílíọ̀nù lẹ́tà. Ti kòkó jáde ní 2011. Iṣu funfun tiwa jáde ní 2017, àwọn ará Japan àti IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn ní Ìbàdàn, wà níbẹ̀. Ẹ̀wà jáde ní 2019. Kí ló dé tí a kò ní ka obì náà? MinION, ẹ̀rọ tó ń ka DNA, wà láti 2014, kò ju fóònù lọ. Wọ́n ti gbé e lọ sínú oko ẹ̀gẹ́ ní Tanzania, Uganda àti Kenya, wọ́n sì mọ kòkòrò àrùn tó wà lára ewé lọ́jọ́ kan náà, lójú àgbẹ̀. Ẹ ka gbogbo rẹ̀!

BàbáOníMáíkírósíkóòpù

Ọmọ mi Ọ̀dọ́Jínóòmù, mo gbọ́ ohun tí o wí, òótọ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Èmi ti fẹ̀yìn tì. Kírómósómù, ìyẹn okùn tí DNA ká jọ sí, ni mo fi ayé mi kà, pẹ̀lú máíkírósíkóòpù. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

ỌmọMọ̀ọ́rè kò béèrè bí jínóòmù obì ṣe rí. Ohun tó béèrè ni bóyá igi mẹ́jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Igi mọ́kàndínlógún ni, owó rẹ̀ sì ti ń tán. SSR bíi mẹ́wàá tó ṣeé gbára lé máa dáhùn ìbéèrè yẹn. SSR ni ibi tí lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta ti ń tún ara wọn sọ nínú DNA, bíi GAGAGAGA. Iye ìgbà tó tún ara rẹ̀ sọ máa ń yàtọ̀ láti igi dé igi, ọmọ sì máa ń gba ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá àti ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá. Tí àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá jẹ́ ọmọ ìyá kan, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní gbé ọ̀kan nínú ìlà méjì ìyá wọn, níbi gbogbo tí o bá wò. Tí ìyá náà bá ṣì wà nínú àwọn mọ́kànlá, wàá rí i. A máa ń dán primer tí wọ́n ṣe fún ìbátan wò pẹ̀lú, àwọn kan nínú ti kòkó lè jẹ́ lára obì. Tí owó bá dé, SNP ni kí o lọ, wọ́n ti lò ó lórí obì gbànja ní Ghana.

Ṣùgbọ́n kí o tó ka ìlà, mọ iye ìdì kírómósómù tó wà nínú ohun tí o ń yẹ̀ wò. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sunkún nítorí pé ìlà mẹ́ta ló rí lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ó rò pé ìdọ̀tí ló wọ PCR òun. Kò sí ìdọ̀tí kankan. Àgbagbà ní ìdì mẹ́ta, kírómósómù mọ́kànlá mọ́kànlá, 33 lápapọ̀. Ìdí tí kò fi ní èso irúgbìn náà nìyẹn. Ewùrà ńkọ́? Òmíràn 40, òmíràn 60, òmíràn 80, lórí ebè kan náà. Gbòǹgbò kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ọ̀sán kan, máíkírósíkóòpù, o ti mọ̀. Obì gbànja, 40 ni. Kò ní dà ọ́ láàmú.

Ohun kan tún wà, òun gan-an ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ ṣe, kò sì ná ọ ní kọ́bọ̀. Ṣé o ti ṣí òdòdó àwọn igi mẹ́jọ yẹn wò? Igi obì kan ṣoṣo máa ń yọ irú òdòdó méjì: akọ, àti èyí tó ní akọ àti abo pọ̀. Àwọn igi kan wà tó jẹ́ pé akọ ló pọ̀ jù lára wọn. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí bí lẹ́búlẹ́bú ṣe lè dára tó, wọn kò ní so. Lọ ka ọgọ́rùn-ún òdòdó lórí igi kọ̀ọ̀kan. Kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o padà sídìí DNA rẹ.

Ọ̀dọ́Jínóòmù

Ẹ ṣé, bàbá. Mo gbà fún yín lórí òdòdó, mi ò rò ó rárá. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kíka jínóòmù kì í ṣe tiwa. Lẹ́yìn tí wọ́n ka ti iṣu funfun ni wọ́n rí ibi tó ń pín akọ iṣu sí abo, wọ́n sì ṣe primer tó ń sọ ọ́ nígbà tí iṣu ṣì jẹ́ ọ̀jẹ̀lẹ́. Ṣáájú ìyẹn, àfi kí ẹni tó ń ṣe irúgbìn tuntun dúró títí iṣu á fi yọ òdòdó, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ yọ ọ́. SSR mẹ́wàá kò lè rí ìyẹn láéláé.

BàbáOníMáíkírósíkóòpù

Òótọ́ lo sọ. Ìbéèrè tìrẹ yàtọ̀ sí tirẹ̀ ni. Máa ka tìrẹ lọ.

Àgbẹ̀KòkóÌjẹ̀ṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo wà, oko mi wà lójú ọ̀nà Ìpetu. Mo ti ka gbogbo èyí, ọmọ mi obìnrin ló ń kà á sí mi létí. Ọ̀rọ̀ tèmi: ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn mo ra ọmọ kòkó 400 lọ́wọ́ ẹnìkan, ó ní ẹ̀yà tuntun tí ń tètè so ni. Títí di òní, díẹ̀ ló ti so. Nísinsìnyí, igi kan báyìí níbi igun oko, ara ẹ̀ka rẹ̀ wú, ewé rẹ̀ tuntun ní àwọn iṣan pupa. Ṣé DNA yín yìí lè sọ fún mi bóyá ẹ̀yà tí wọ́n pè é lóòótọ́ ni kòkó tí mo ra? Kí ló sì ń ṣe igi tó wú yẹn?

ÀǹtíLáàbù

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ igi tó wú yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, torí òun ni kò ní dúró dè yín.

Ẹ̀ka tó wú, iṣan pupa lára ewé tuntun, ó jọ àrùn tí wọ́n ń pè ní swollen shoot. Ó ti wà ní Ghana láti 1936 tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, igi tó lé ní 200 mílíọ̀nù ni wọ́n ti gé níbẹ̀ nítorí rẹ̀. Kòkòrò kéékèèké tó funfun bí ẹni wọ́n ìyẹ̀fun sí lára ló ń gbé e láti igi dé igi, ẹ máa rí i pẹ̀lú èèrà. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Igi lè ti ní in kó tó hàn lójú, nítorí náà àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà kò mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wa ti wúlò fún yín nìyí: fáírọ́ọ̀sì yẹn, DNA ni òun náà fi kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì ewéko, RNA ni tiwọn, iṣẹ́ wọn sì máa ń gba agbára díẹ̀ sí i. Tiyín yìí, bí a bá yọ DNA ewé kòkó, ti fáírọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. PCR kan lè dá a lóhùn. Ọ̀nà kan tún wà tí wọ́n ń pè ní LAMP, àwọn ará Japan ló gbé e jáde ní 2000. Ooru kan ṣoṣo ló ń lò, láàárín 60 sí 65°C, fún bíi wákàtí kan. Tí iná bá lọ, omi gbígbóná nínú fúláàsìkì lè gbé e dé òpin. Ọ̀nà yẹn tọ́ sí àwọn ibi tí iná ti ń ṣe ségesège.

Ẹ já ewé tuntun lára igi náà àti lára àwọn tó yí i ká, ẹ fi bébà wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà igi sí i, ẹ gbé e lọ sí CRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó, ní Ìdí-Ayùnrẹ́, Ìbàdàn. Àwọn ló ni iṣẹ́ kòkó. Ẹ má gé ẹ̀ka lára rẹ̀ lọ gbìn síbòmíràn.

Lórí pé ṣé ohun tí wọ́n tà fún yín ni: bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé mọ̀. Ibi bíi mélòó kan lára jínóòmù tí lẹ́tà kan ti máa ń yàtọ̀, ìyẹn SNP, tó láti fi dá ẹ̀yà kòkó kan mọ̀, bí ìka ọwọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n a nílò ewé ìyá àti bàbá ẹ̀yà tí wọ́n lórúkọ fún yín, kí a tó ní ohun tí a máa fi wé e. Láìsí ìyẹn, mo lè sọ pé kòkó 400 yín jọra tàbí wọn kò jọra, mi ò lè sọ orúkọ wọn. Ẹ tún rántí pé kòkó tó ní orúkọ rere lè má tètè so tí ilẹ̀ tàbí òjìji kò bá bá a mu.

Àgbẹ̀KòkóÌjẹ̀ṣà

Mo dúpẹ́, àǹtí. Lọ́la àárọ̀ ni mo ń lọ já ewé náà.

ElégbògiỌjàTìtun

Ìyá mi ń ta egbò àti èèpo igi, èmi ló ń bá a kọ̀wé. Àwọn tó ń kó ẹrù wá máa ń kó èèpo tó jọra mọ́ra wọn. Ṣé èèpo tó ti gbẹ, tí a ti gún, ṣé ẹ lè mọ igi tó ti wá?

ỌmọAwoBiokẹ́mi

Ó ṣeé ṣe, tí wọn kò bá tíì sè é. Láti 2009 ni àwọn onímọ̀ ti fẹnu kò sí ibi méjì nínú DNA, rbcL àti matK, pé ká máa fi wọ́n dá ewéko mọ̀ káàkiri ayé. Àwọn tó ń ṣe egbòogi tún fẹ́ràn ibi kan tó ń jẹ́ ITS2, torí ó kúrú, ó sì ń ya ìbátan sọ́tọ̀ dáadáa. Èèpo tí wọ́n ti sè, DNA rẹ̀ ti já wẹ́wẹ́, àfi ká wá ibi tó kúrú gan-an.

Ẹ sọ fún ìyá pé igi tí a ń fi wé e gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí onímọ̀ ti rí pẹ̀lú òdòdó tàbí èso, tó sì ti fi ewé rẹ̀ pamọ́. Irú ewé bẹ́ẹ̀ wà nínú yàrá ìkó-ewé-pamọ́ sí ti ẹ̀ka Botany ní OAU, àti ní ilé iṣẹ́ igbó ní Ìbàdàn. Kí ẹ sì mọ̀ pé orúkọ igi ni DNA máa sọ. Kò ní sọ bóyá ó lágbára, kò sì ní sọ bóyá ẹnìkan da oògùn òyìnbó mọ́ ọn.

ỌmọMọ̀ọ́rè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá, mo ní ìròyìn.

Mo ṣe bí ÀǹtíLáàbù ti wí. Silica láti orí igi, sorbitol lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìgbà àkọ́kọ́, omi tí mo dà nù yọ̀ débi pé ó ń fà láti ẹnu túùbù. Ní ìgbà kẹta, ó ṣàn bí omi lásán. Nígbà tí isopropanol dé, òwú funfun ló jáde. Mo jókòó, mo ń wò ó. 260/280 jẹ́ 1.83, 260/230 jẹ́ 1.9. Àgbàdo tí mo ṣe pẹ̀lú rẹ̀ náà jáde. Láti ìgbà náà mo ti ṣe igi mẹ́rìndínlógún nínú mọ́kàndínlógún, PCR àkọ́kọ́ sì fún mi ní ìlà lára gbogbo wọn.

Bàbá, mo ti ka òdòdó àwọn tó ń yọ lọ́wọ́. Mẹ́ta nínú mẹ́jọ yẹn, akọ ni èyí tó pọ̀ jù lára wọn, nínú ọgọ́rùn-ún kò ju méjì tàbí mẹ́ta tó ní abo. Àwọn márùn-ún tó kù kò rí bẹ́ẹ̀, abo pọ̀ lára wọn dáadáa, síbẹ̀ wọn kì í so. Nítorí náà ó dà bí ẹni pé ìdí méjì ló wà nínú oko kan. Àwọn márùn-ún yẹn ni mo fẹ́ fi SSR bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ mú lẹ́búlẹ́bú láti orí àwọn mọ́kànlá wá fi ọwọ́ kàn wọ́n lára, kí n fi ọ̀rá bò wọ́n, kí n wò bóyá wọ́n á so.

Bàbá mi ti gbé àdá sílẹ̀. Ó ní títí òdòdó tó ń bọ̀.

BàbáOníMáíkírósíkóòpù

O káre. Tí o bá máa bo òdòdó, bò ó kí ó tó là, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kòkòrò á ti débẹ̀ ṣáájú rẹ. Fi èyí tí o kò fi lẹ́búlẹ́bú kàn sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀rá pẹ̀lú, lórí igi kan náà, kí o lè rí ohun tí o máa fi wé e. Tí o bá rí èyíkéyìí tó so, gbìn ín, kí o sì mú gbòǹgbò rẹ̀ wá fún mi ní àárọ̀ kùtù. Ojú mi ṣì ríran.